Omi Tútù Nìkan Ni Kí Ẹ Fi Pò Ó

Ìpè ìrun mọ̀ngáríbì kò tíì tán ní mọ́ṣáláṣí Ìta Fájì nígbà tí Mariyah ṣubú lulẹ̀. Dàbínù kejì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ààwẹ̀ ọdún 1991 sì ni àkọ́kọ́ tí yóò fi dàbínù àti oyin ṣínu bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agboolé. Òógùn bò ó lójijì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ó bì, ó tún bì, ojú rẹ̀ yí sókè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é, kò dáhùn.

Àmúdàtù gbé ọmọ náà pọ̀n bí ẹni pé ọmọ ọdún kan ni. Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí, apá tó ń fún agbádá gbẹ lójoojúmọ́ kì í ṣe apá ọ̀lẹ. Ó sá láti Ìta Fájì dé ọsibítù láìwọ bàtà, omi tó fẹ́ fi ṣínu kò sì kan ọ̀fun rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó mọ àìsàn Mariyah fa omi sí i lára kíákíá, ó wá kọjú sí ìyá rẹ̀.

“Kí ló jẹ?”

“Dàbínù. Oyin ṣíbí kan.”

“Ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò gba ṣúgà inú èso, ẹ wá fún un lóyin?”

“Dókítà Ọláìtán ló ní kó máa jẹ ẹ́. Ó ti lo oògùn rẹ̀, mà. A ti ṣe ìdánwò.”

“Dókítà Ọláìtán ti ọsibítù wo?”

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Àmúdàtù ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọsibítù kankan.

Láti ìgbà tí wọ́n ti já Mariyah lẹ́nu ọmú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọsàn kan ṣoṣo lè dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fẹ̀sùn kan àjẹ́, wọ́n fẹ̀sùn kan orogún ìyá rẹ̀, kó tó di pé àwọn oníṣègùn rí i pé ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ni kò mọ ohun tí yóò fi ṣúgà èso àti oyin ṣe. Wọ́n ní kò sí oògùn rẹ̀, àfi kó má jẹ wọ́n láéláé. Bí wọ́n bá ń gbé oyin kiri níbi ìsọmọlórúkọ, Mariyah a wá igun kan jókòó sí, a máa fi ìka yàwòrán sílẹ̀. Kò sí ohun tó dun Àmúdàtù láyé tó ìka ọmọ náà.

Ibi tó ń dun ni náà ni Ọláìtán fi ọwọ́ tẹ̀. Ní oṣù méjì ṣáájú ààwẹ̀, ó gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí Tinúbú, ó pín ìwé káàkiri pé òun ń wá ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ṣúgà èso. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kóòtù funfun rẹ̀ le gbanran, kò sì sọ̀rọ̀ bí oníjìbìtì rárá.

“Álánínì ni wọ́n ń pè é,” ó sọ fún àwọn òbí. “Ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì amínò ni, inú ẹran àti ẹyin la ti ń rí i. Tó bá pàdé ṣúgà èso nínú ìfun, á dì í lọ́wọ́ mú kọjá. Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́ o. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.”

Wọ́n dán an wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún ọmọ méjìlélógún ní omi ṣúgà èso mu, ó ní kí wọ́n fẹ́ èémí sínú bàlúùnù, ó so bàlúùnù kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ kan tó ní gílóòbù lórí. Iná pupa tàn fún gbogbo wọn, kò sì pẹ́ tí kálukú fi ń di inú mú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi fún wọn, ó tún fún wọn ní omi ṣúgà láti inú agolo kan náà. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ọmọ kankan kò sunkún. Àwọn òbí ló sunkún, àwọn mìíràn kúnlẹ̀ fún un. Àmúdàtù ta yẹtí góòlù ìgbéyàwó rẹ̀ láti gba agolo oògùn mẹ́ta.

“Omi tútù nìkan ni kí ẹ fi pò ó,” Ọláìtán kìlọ̀ fún un, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí àbúrò. “Omi gbígbóná á pa agbára rẹ̀.” Àmúdàtù pa ìkìlọ̀ náà mọ́ bí ẹni ń pa àdúrà mọ́.

Lówurọ̀ ọjọ́ kejì, Mariyah lajú. Dókítà obìnrin náà ní yóò yè, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Ó wá fa Àmúdàtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Òótọ́ ni pé wọ́n ń dán álánínì wò nílẹ̀ òkèèrè, fún àwọn tí ṣúgà èso kàn ń da inú wọn rú. Kì í ṣe fún irú àìsàn Mariyah. Kódà kó jẹ́ ojúlówó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un. Ọmọ mélòó ló wà níbi ìdánwò náà?”

“Méjìlélógún.”

“Ẹ mọ ilé àwọn yòókù?”

“Ọ̀gbẹ́ni náà ló kọ àdírẹ́sì gbogbo wọn sínú ìwé kan.”

“Ẹ wá ìwé yẹn rí o. Oṣù dàbínù la wà yìí. Gbogbo ilé ló ń fi nǹkan dídùn ṣínu.”

Ìbànújẹ́ Àmúdàtù ti di ìbínú. Ó búra níbẹ̀ pé òun yóò rí ọkùnrin náà, òun kò sì ní fojú àánú wò ó. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò gbé ọmọ rẹ̀ sáré dé ọsibítù rí ló ń wàásù sùúrù.

Ó gba Tinúbú lọ. Wọ́n ti tú pátákó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mọ̀núrù, ọlọ́dẹ ilé náà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi pákò rin eyín.

“Wọ́n ti pákì lọ, Màmá. Ìyá kan wá pariwo níbí lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bá yọ́ kó ẹrù lóru. Kóòtù nìkan ni wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

“Gbé e wá kí n rí i.”

Àmúdàtù kò wo àpò kóòtù náà, ìdí ọrùn rẹ̀ ló yí jáde. Alágbàfọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó ń rán síbẹ̀, kí aṣọ oníbàárà má baà ṣi ilé lọ. Òwú pupa méjì tó dábùú ara wọn ni tirẹ̀. Ohun tó rí lára kóòtù yìí ni òwú búlúù mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí òwú yẹ́lò kan là já. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá Rájí ti Òkè Pópó ló ni àmì náà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ọkùnrin lè yí orúkọ padà bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kó pààrọ̀ alágbàfọ̀ tó mọ bí a ṣe ń lọ aṣọ rẹ̀.

Bàbá Rájí gbé awò sójú, ó wo òwú náà.

“Jíbrílù ló pe ara rẹ̀ níbí. Agbádá funfun rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa wá gbà á lọ́la, kí òun tó lọ kí Jímọ̀ọ̀.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín lọṣọ lọ́la.”

Bàbá àgbà náà wo ojú rẹ̀, ó gbà láìbéèrè ìdí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, Àmúdàtù dúró lẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn náà kó tó rí ojú.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ mi dà?”

Àmúdàtù jáde. “Ẹ káàsán, Dókítà.”

Ojú ọkùnrin náà kò yẹ̀. “Ẹ ṣì mí mú, Màmá. Jíbrílù ni mo ń jẹ́.”

“Ọmọ mi ń kí ọ. Mariyah. Ó wà lórí ibùsùn. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ yẹn dà?”

Ó gbá apá aṣọ rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ti tábìlì lù ú, áyọ́ọ̀nù ṣí, ẹ̀yinná dà sí Àmúdàtù lápá, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí Bàbá Rájí tó pariwo olè, ọkùnrin náà ti dé òpópónà. Àmúdàtù lé e pẹ̀lú apá jíjó, ó lé e wọ Ọjà Balógun, ó ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láàárín àwọn aláàárù tó ru ìdì léèsì. Aláàárù kan yà síwájú rẹ̀. Nígbà tó yọ sí òdìkejì, orí tó pọ̀ bí eéṣú ló rí, kò rí ti olè rẹ̀ mọ́.

Ó padà sí Òkè Pópó, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá Rájí fi òróró pa apá rẹ̀.

“Má sunkún. Kí ni mo kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

“Pé a kì í ti aṣọ bọ omi láìtú àpò rẹ̀.”

“Èmi náà tú u.” Bàbá na ìwé kan sí i tó rí nínú àpò agbádá náà, tó ti wà lábẹ́ ìgò aró láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé ìpè ni. *Dókítà Ọlámilékan ń pe ẹ̀yin òbí sí ìdánwò kejì oògùn ṣúgà èso. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn Ọjà Balógun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀.* Ọ̀la ni.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì Adéníyì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ó kàn jẹ́ ẹni tí irọ́ ti sú.

“Ìwé ìpè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Màdáàmù. Ó máa ní oògùn òun ni kò bá ara ọmọ yín mu. Kí ló wà nínú agolo yẹn? Ẹ sọ ìyẹn fún mi, mo máa tẹ̀lé yín.”

Àmúdàtù délé pẹ̀lú ìbínú. Aṣọ oníbàárà ń dúró dè é, omi sitáàṣì ti ń hó lórí sítóòfù. Ó mú agolo Ọláìtán láti dà á nù. Díẹ̀ dà sí i lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò àti ìka rọra rà á. Ìyẹ̀fun náà dún, ohùn kékeré kan tó ń ké kíín-kíín láàárín ìka, tí etí rẹ̀ ti gbọ́ láti ogún ọdún. Ó dúró. Ó bu ṣíbí mẹ́ta sínú ife, ó da omi híhó lé e, ó rò ó. Ó dì. Ó dì mọ́ ṣíbí, ó ń dán, bíi ti inú ìkòkò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Sitáàṣì ẹ̀gẹ́ ni. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti òórùn oògùn nìkan ni ọkùnrin náà fi kún un. Àmúdàtù jókòó sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Òun tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé inú sitáàṣì láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́ ló pò ó sínú omi tútù fún ọmọ rẹ̀, tó rí i bó ṣe ń rọ̀ sísàlẹ̀ ife, tí kò dá a mọ̀, nítorí pé ẹni tó wọ kóòtù funfun ló gbé e lé e lọ́wọ́. Kóòtù ọ̀hún gan-an, irú sitáàṣì bẹ́ẹ̀ ló mú un le gbanran. Ìtìjú yẹn jó o ju ẹ̀yinná lọ. Ó gbé ife náà padà sí àgọ́, kò tilẹ̀ bò ó.

Adéníyì ti ìka bọ̀ ọ́. “Aago mẹ́wàá, àbí?” ó wí. “Kí lẹ rò, ṣé ó ṣì máa wá lẹ́yìn tó rí yín?”

“Ó máa wá. Olójúkòkòrò kì í fi ọbẹ̀ tó ti jinná sílẹ̀ sórí iná.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹlẹ́hàá kan jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn náà, gbogbo ara rẹ̀ wà nínú aṣọ dúdú. Àmúdàtù ló yá aṣọ aládùúgbò rẹ̀ wọ̀. Adéníyì dúró sí ẹnu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ṣòkòtò kèǹbè, ó dà bí ẹni tó wá gbé oúnjẹ. “Dókítà Ọlámilékan” ti fi awò ojú kún ara rẹ̀. Ẹ̀rọ onígílóòbù wà lórí tábìlì rẹ̀, agolo tò lọ rẹrẹ, fúláàsìkì kan àti ife tí wọ́n fi àwo dé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iná aláwọ̀ ewé ti tàn fún gbogbo ọmọ. Àwọn òbí ti ń rọ́ síwájú. Àlímọ̀t, obìnrin oníléèsì kan láti Balógun, ti bó ọsàn sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò jẹ ọsàn rí.

“Ẹ dúró ná, ìyá ọmọ,” ẹlẹ́hàá náà wí. “Dókítà, mo ní ìbéèrè. Ṣé a ò lè fi omi gbígbóná pò ó?”

“Rárá o, Àlájà. Omi tútù nìkan. Omi gbígbóná ń pa álánínì.”

“Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń kú.”

Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àmúdàtù ti ṣí agolo kan, ó ti dà á sínú abọ́ kan lórí tábìlì, ó ti yí ìdérí fúláàsìkì, ó sì da omi inú rẹ̀ lé e lórí. Ó fi ṣíbí rò ó. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn. Ó yí abọ́ náà dojú bolẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì dà.

“Alágbàfọ̀ ni mí,” Àmúdàtù wí, ó ká aṣọ kúrò lójú. “Ohun tí mo fi ń lọ agbádá bàbá yín lẹ fẹ́ fún ọmọ yín lo yìí. Sitáàṣì ni. Ọmọ tèmi lò ó, ó jẹ dàbínù tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló kù kí n sin ín.”

Ọkùnrin náà dá a mọ̀, ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ má dá a lóhùn. Orí rẹ̀ ò pé.”

“Ó dáa. Lá a.” Àmúdàtù na ṣíbí sí i lẹ́nu. “Tó bá jẹ́ oògùn, lá a.”

“Mo ń gbààwẹ̀.”

Àlímọ̀t ti ṣí ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíì ni, ó ti mu ún dé ìdajì, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Lùkúmọ̀n (orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn) ju tábìlì sẹ́yìn, ó sá gba ọ̀nà ìdáná, ó sì kó sí àyà Adéníyì. Nígbà tí tábìlì ṣubú ni wáyà kan hàn lábẹ́ rẹ̀, tó lọ dé swíìṣì tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tan iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé láti ọjọ́ yìí wá. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi.

Ní àgọ́, Adéníyì jókòó sí iwájú rẹ̀, Àmúdàtù dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Iṣẹ́ wo lo ń ṣe tẹ́lẹ̀?”

“Mo ń tọ́jú ilé oògùn fún ẹnìkan.”

“Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánwò, kí lo fún àwọn ọmọ?”

“Ṣúgà èso gidi.”

“Ọjọ́ kejì?”

“Glukóòsì, oríṣi ṣúgà mìíràn. Ara wọn gba ìyẹn. Mo kàn dà á sínú agolo kan náà ni.”

“O mọ̀ pé wọ́n máa padà délé lọ jẹ oyin?”

“Mo rò pé inú á kàn run wọ́n ni.”

Àmúdàtù sún mọ́ tábìlì. “Ìwé àdírẹ́sì dà?”

“Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?”

“Àwọn ìyá tó wà ní gbọ̀ngàn ti tẹ̀ lé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí,” Adéníyì wí. “Mo lè lọ mu omi. Tí mo bá lọ mu omi, mi ò ní yára padà.”

Ohùn àwọn ìyá náà ń wọlé láti ìta. Lùkúmọ̀n na ìka sí ẹ̀rọ onígílóòbù rẹ̀ tí wọ́n kó wá sí àgọ́.

“Inú ẹ̀rọ. Ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀.”

Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀rọ náà ju gílóòbù méjì àti ìwé pẹlẹbẹ kan lọ. Orúkọ ọmọ méjìlélógún wà níbẹ̀, Mariyah ló ṣe ìkeje. Kí oòrùn tó wọ̀, Àmúdàtù, Àlímọ̀t àti ọlọ́pàá méjì ti kan ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún. Àwọn mìíràn ti jẹ nǹkan, wọ́n gbé wọn lọ ọsibítù. Ní ilé kẹtàdínlógún, dàbínù wà nínú àwo níwájú ọmọdé kan, wọ́n ń dúró de ìpè ìrun. Àmúdàtù kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo náà kúrò níwájú ọmọ náà kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún ìtunu ààwẹ̀ pé, àwọn ẹbí Lùkúmọ̀n wá sí Ìta Fájì pẹ̀lú àgbààgbà mẹ́rin. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní oṣù àánú nìyí, kí ìyá Mariyah bá wọn fa ẹjọ́ yọ, wọ́n ti ra yẹtí góòlù rẹ̀ tó tà padà, wọ́n gbé e wá nínú páálí.

“Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá mi,” Àmúdàtù wí. “Èmi kọ́ ló jẹ dàbínù. Ẹni tó jẹ ẹ́ ló wà lórí ẹní yẹn.”

Wọ́n yíjú sí Mariyah. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n bí òróró. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mi ò tíì dárí jì í,” ó wí. “Kó lọ rí adájọ́ ná. Tó bá dé láti ẹ̀wọ̀n, kó wá béèrè lọ́wọ́ mi.”

Àgbà kan fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Àmúdàtù gbé páálí náà, ó mú yẹtí rẹ̀, ó fi sétí níṣojú wọn, ó sì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: yẹtí rẹ̀ ló gbà, kò gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

“Màmá, kí ni mo máa fi ṣínu?”

“Ẹ̀kọ gbígbóná. Kò ní ṣúgà kankan.”

Ó bu ògì sínú abọ́. Ó gbé ìkòkò omi híhó, ó dà á lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó, ó sì dúró wò ó títí ó fi dì.